Àmì Kan Níwájú Orúkọ Dráífà

Bàbá Tu Ching-yuan kọ́ àwọn ọmọ ìlú Tainan ní ìṣirò títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ọdún tó fẹ̀yìn tì gan-an ni àtọ̀gbẹ fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú. Bí kì í bá ṣe kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú gbé wá fún un ni, ìbá ti jókòó sójú kan títí yóò fi gbẹ bí ẹja orí ààrò.

Linux ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀ tí àmì kéékèèké máa ń yọ lórí rẹ̀ bí hóró ìrẹsì. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń fi ìka kàwé. Ẹ̀rọ ò lè dá pátákó yìí mọ̀ láìsí dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tí ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, kò sí wàhálà kankan. Bí Bàbá bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ á jí, dráífà á wọlé fúnra rẹ̀, hóró ìrẹsì á dìde.

Ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tó ní ọba àti ẹṣin nínú, ló ń fi ẹ̀rọ náà ta. Obìnrin kan tí wọ́n bí ní afọ́jú ní erékùṣù Penghu, Chiu Mei-chu, ni wọ́n jọ ń ta á.

"Tíṣà, ẹṣin yín ti rọ lẹ́sẹ̀ o," ni obìnrin náà á kọ sí i. "Ẹ fún un ní koríko jẹ kí n tó pa á."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú tí kò ríran.

Ìgbà tí Kuo-pin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, padà sílé ni nǹkan yí padà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Hsinchu kí wọ́n tó lé e, ìyàwó rẹ̀ náà sì ti já a jù sílẹ̀. Kò pẹ́ tó dé tí pátákó dákẹ́. Bàbá tẹ bọ́tìnnì títí, pátákó tẹ́jú bí orí tábìlì.

"Ó ti gbó ni," Kuo-pin wí. "Dráífà rẹ̀ kì í wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Èmi ni màá máa bá yín pè é láràárọ̀."

Alaalẹ́ ló ń pa ẹ̀rọ náà, ó ní iná mànàmáná ń run owó. Òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé tó fi sí i. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìyà ló ń dúpẹ́ fún.

Kíláàsì bàbá rẹ̀ ni Kuo-pin jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sí ìdánwò kan tí kò gba pàṣán lé lórí, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sunkún, bàbá á ní kí gbogbo kíláàsì bá òun kí Orí Elégédé. Bàbá ti gbàgbé. Ẹni tí wọ́n nà kò gbàgbé.

"Kuo-pin, jọ̀ọ́, bá mi pe dráífà," ni Bàbá wí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Kí lẹ máa ń pè mí níwájú kíláàsì, Bàbá?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Orí Elégédé."

"Ta wá ni Orí Elégédé báyìí?"

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ mà nìyẹn."

"Mo ní ta ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Ìyá Hung tó wà lódì kejì ò tíì gbọ́."

"Èmi Tu Ching-yuan ni Orí Elégédé!"

Kuo-pin rẹ́rìn-ín, ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé, ó tẹ orúkọ dráífà, pátákó sì jí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ, wọ́n rò pé orí Bàbá ti ń dàrú. Ìyá Hung tilẹ̀ ń kí Kuo-pin pé ó kú ìtọ́jú.

Ó di ọjọ́ kan, Bàbá ní òun ò sọ ọ́ mọ́.

"Kò burú," Kuo-pin wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Bàbá jókòó níwájú pátákó tútù, ó ń fi ìka pa á lára. Nígbẹ̀yìn, àárò Mei-chu borí ìgbéraga rẹ̀, ó sì pariwo orúkọ náà kí Kuo-pin tó bi í. Pátákó dìde. Àwọn ọ̀rọ̀ ti tò jọ dè é.

"Tíṣà, ẹ̀yin ló kàn." Òmíràn: "Ṣé inú ń bí yín sí mi ni? Wọ́n ń gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ṣáà kí mi." Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe láti ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́, pé Mei-chu ti dákẹ́, àti pé títí ó fi dákẹ́ ló ń béèrè bóyá Tíṣà ti ta tirẹ̀.

Ìka Bàbá dúró sójú kan.

"Kí ni wọ́n kọ?" Kuo-pin béèrè.

"Mei-chu ti kú."

Kuo-pin ní, "Ẹ̀yin lẹ lágídí. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ẹ̀ bá bá a láàyè."

Nígbà tí Lai Shu-hui wá láti ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú láti yẹ ẹ̀rọ wò, Kuo-pin ti lọ ra ọbẹ̀ ẹja níta. Bàbá ló kọ́ obìnrin yìí náà níṣirò rí.

"Tíṣà, ta ló ń jí pátákó yín?"

"Kuo-pin ni. Dráífà ti gbó, kì í wọlé fúnra rẹ̀ mọ́."

"Dráífà kì í gbó, Tíṣà." Shu-hui fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ẹgbẹ́ ṣí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Lójijì ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Fáìlì kan wà tí ẹ̀rọ máa ń kà bó bá ti jí. Gbogbo dráífà tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò pè. Èmi ni mo kọ ti pátákó yín síbẹ̀."

"Ó ti parẹ́ ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹnì kan fi àmì kan síwájú rẹ̀. Àmì yẹn ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo ìlà náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣèèṣì wà níbẹ̀, Tíṣà. Èèyàn ló ń fi í síbẹ̀."

Bàbá ò sunkún. Ó ní kó pa àmì náà rẹ́, kó sì yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kuo-pin jókòó sí yàrá ìdáná, ó ń retí kí wọ́n pè é. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yọjú, ìka bàbá rẹ̀ ti ń sáré lórí pátákó.

"Ta ló ṣe é?"

Bàbá ń kàwé lọ.

"Mo ní ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

"Ẹni tí kò kórìíra mi."

Kuo-pin dúró, ó ń mí gúlegúle. Nígbà tó yá ó lọ. Bàbá gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha ilẹ̀, kò kà á sí. Ìgbà tó dìde láti lọ sílé ìtọ̀ ló mọ̀. Àga wà níbi tí kò tí ì wà rí, àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣubú, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Bó ṣe nà sílẹ̀ lórí síméńtì, ó ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń fá ọbẹ̀ nínú abọ́.

"Kuo-pin, gbé mi."

"Ṣebí ẹ̀rọ yín ti ń dá jí? Ẹ̀yin náà ẹ dá dìde."

Ó fi àyà wọ́ dé ibi pátákó. Ọwọ́ kan ló fi kọ̀wé sí Shu-hui.

Obìnrin náà kò pẹ́ tó fi gbé mọ́tò dé. Ó fi aṣọ gbé apá Bàbá kọ́ ọrùn, ó gbé ẹ̀rọ àti pátákó sẹ́yìn mọ́tò, ó ní ilé ìwòsàn ló kàn, lẹ́yìn náà ilé àwọn arúgbó afọ́jú ní Kaohsiung. Kuo-pin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo eré. Ìgbà tí mọ́tò gbéra ló tó pariwo.

"Bàbá! Ta ni kí n máa bá gbé?"

"Tíṣà," Shu-hui wí, "ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa o. Kò wọ bàtà. Ẹkún ló ń sun. Ṣé kí n dúró?"

Bàbá yí ojú sí wíńdò, bí ẹni pé nǹkan kan wà níta tó lè rí.

"Máa wà á lọ," ló wí.