Miriam Kò Dá Mi Lóhùn

Láti ìgbà tí iyè Bàbá Hezekiah ti ń ra ni ó ti ń béèrè ìyàwó rẹ̀. Miriam ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n bàbá a máa jókòó síwájú ilé wọn ní Kabba, yóò máa wo ọ̀nà, á ní ìyàwó òun lọ sí oko ní Iyamoye, kò ní í pẹ́ dé. Ọmọ́ṣọlá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, kì í jiyàn. Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, oko ni wọ́n lọ."

Bàbá ní kámẹ́rà fídíò kan tó fi máa ń ya àwọn ará ilé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ́ṣọlá rò pé bí bàbá bá rí ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Ó wá wáyà tó lè so kámẹ́rà náà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ki kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan bọ inú kámẹ́rà. Bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí ni kọ̀ǹpútà ń gbà á sílẹ̀. Bàbá jókòó tì í. Àwòrán náà ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà Miriam yọ, ó ń gúnyán ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń kí aládùúgbò kan, "Okun o!"

Bàbá dìde fìrì. "Miriam! Ìgbà wo lo dé?"

Miriam ń gúnyán lọ.

"Èmi ni mò ń pè ọ́!" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó ń kí ará ìta, kò dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe fún un?"

"Bàbá, fídíò ni. Ẹ̀yin gan-an lẹ gbé kámẹ́rà dání lọ́jọ́ náà."

Kò yé e. Ọmọ́ṣọlá fẹ́ pa fídíò náà, àfi bí Miriam ṣe gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ gbé nǹkan yìí sílẹ̀ jàre. Ẹ wá jẹun kí iyán má tutù."

"Mò ń bọ̀," ni bàbá wí. Ojú rẹ̀ túká. Kó tó di pé Ọmọ́ṣọlá dìde, bàbá ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọmọ́ṣọlá bá a láàárín koríko, tó ń wò yíká.

"Níbo ló wà?"

Irọ́ tí Ọmọ́ṣọlá máa ń pa kọ̀, kò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, Màmá ti kú. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè wọn."

Bàbá sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọmọ́ṣọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá ti gbàgbé fídíò, ó ti gbàgbé ikú náà. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ kò gbàgbé rẹ̀.

"Ṣọlá," ó ní, ó gbé ọwọ́ lé àyà, "àyà mi wúwo. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wa?"

Ọmọ́ṣọlá jókòó tì í, ó tún di ọwọ́ rẹ̀ mú.