Bùláòsì Ẹnu Gẹ́ẹ̀tì

Kọ́mú ni wọ́n ń rán nílé iṣẹ́ náà, kọ́mú dúdú, kọ́mú funfun, kọ́mú olódòdó. Wọ́n gbé pátákó ìpolówó kan kọ́ sókè gẹ́ẹ̀tì, ó ga ju ilé alájà kan lọ. Ọmọge kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kọ́mú àti pátá nìkan, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá, àtàgbà àtọmọléèwé. Máníjà fúnra rẹ̀ ló yan àwòrán náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, ó dúró sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ọrùn sókè títí tí ọrùn fi dùn ún, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ pátákó yìí kan náà ni àwọn obìnrin tó ń rán kọ́mú máa ń tò sí nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹnì kan ti wọ kọ́mú méjì léra jáde rí, wọ́n sì mú un. Láti ìgbà náà, obìnrin kan ò jáde mọ́ láìgbé bùláòsì rẹ̀ sókè dé ọrùn, kí aṣọ́nà lè rí i pé kọ́mú kan ló wà lára rẹ̀, àti pé ó ti gbó. Obìnrin ló ń yẹ̀ wọ́n wò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyẹn fẹ̀yìn tì, máníjà ò gba obìnrin mìíràn, ó ní ojú lojú ń jẹ́, ta ló sọ pé tọkùnrin ò ríran. Bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí àwọn obìnrin sọ ní Awòran nìyẹn. Awòran kì í kánjú. Bó bá kan àwọn ọ̀dọ́bìnrin àárín wọn, á ní òun ò rí i dáadáa, kí wọ́n yí padà.

Màmá Abẹ́rẹ́ ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun ló ń fi iṣẹ́ han àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ló sì ṣíwájú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìwọ́de lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò pọ̀: ẹ fi obìnrin sẹ́nu gẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, oòrùn mú wọn, kò sẹ́ni tó yọjú sí wọn láti ọ́fíìsì. Ni Màmá Abẹ́rẹ́ bá bọ́ bùláòsì rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi há abíyá, ó dúró sójú títì nínú kọ́mú ògbólógbòó tó fi píìnì so okùn rẹ̀ kan. Ó ní, "Ohun tí Awòran ń dá wò nírọ̀lẹ́, kí gbogbo ayé bá a wò ó lọ́sàn-án."

Kíá ni wọ́n rántí ìtìjú. Máníjà tó yan ọmọge òkè ní òun ò mọ ibi tí òun máa fi ojú sí. Àwọn awakọ̀ tó ń rọra rìn lójoojúmọ́ torí àtiwo pátákó ní ayé ti bàjẹ́. Ká ní ẹ̀rín kì í tán léèyàn lẹ́nu ni, Màmá Abẹ́rẹ́ ì bá ṣì máa rín in.

Àmọ́ ti ọkọ rẹ̀ ló wá burú jù. Agbẹ́rù lọkọ náà, nílé iṣẹ́ kan náà. Nígbà táwọn agbẹ́rù ṣe ìwọ́de tiwọn lọ́dún tó kọjá, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí wọn, òógùn ń ṣàn nírun àyà, wọ́n ń fọwọ́ lu ikùn bí ẹni ń lu agolo. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò wọn jáde, ó pè wọ́n ní akọni. Máníjà jáde wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọkọ Màmá Abẹ́rẹ́ ló wà láàárín fọ́tò náà gan-an. Ó ti fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n, àlejò kan ò gbọdọ̀ jókòó kó má fi hàn án.

Abẹ́ fọ́tò yìí ló dúró sí tó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ wí. "O dójú tì mí. Àgbàlagbà bíi tìẹ. Kí ni kí n sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo wọ kọ́mú, bàbá wọn. Ẹ̀yin ò wọ nǹkan kan."

"Tọkùnrin yàtọ̀."

"Mo ti rí i. Ọmú tiyín tóbi ju tèmi lọ."

Ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pe Màmá Abẹ́rẹ́ pé kó wá rojọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín mọ́ nígbà yẹn, nítorí àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ yìí ló sì ń gbé e dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá lé ìyá, wọ́n ti lé ọmọ.

Máníjà àti lọ́yà ilé iṣẹ́ ló jókòó dè é. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri lẹ́yìn wọn: ọmọge mìíràn, kọ́mú mìíràn. Máníjà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, aṣọ la kí ká tó kéèyàn. Ara obìnrin, ohun ọ̀wọ̀ ni. Ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ yín ò gbọdọ̀ rí i." Ó mú ọ̀rọ̀ ìyá tó bí i lọ́mọ wọ̀ ọ́, ojú ara rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Ohùn ara rẹ̀ máa ń dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ò ní lé e, ṣùgbọ́n kó wí tẹ̀lé òun.

"N kò ní ṣí aṣọ lára mi mọ́ níwájú ọkùnrin kankan, nínú ilé iṣẹ́ yìí tàbí lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá ṣe é, kí wọ́n lé mi."

Màmá Abẹ́rẹ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Lọ́yà tó yẹ kó ta á lólobó ń fi ìka fa ojú fóònù.

"Ṣé ẹnu gẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀, ọ̀gá?"

"Àgàgà ẹnu gẹ́ẹ̀tì."

Ó wí tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún ketekete.

Nírọ̀lẹ́, òun ló ṣíwájú ìlà. Awòran ní, "Màmá, ẹ gbé e sókè."

"N ò gbé e. Mo ti búra fún ọ̀gá pé n kò ní ṣí aṣọ níwájú ọkùnrin lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì yìí. Bí mo bá ṣí i, wọ́n á lé mi."

"Bí ẹ ò bá ṣí i, ẹ ò ní jáde."

"Ká jọ sùn síbí nìyẹn."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́. Ọ̀kan ki bùláòsì rẹ̀ bọ síkẹ́ẹ̀tì, ó ní òun náà ti búra. Èkejì ní òun bá wọn búra. Èèyàn laṣọ, Màmá Abẹ́rẹ́ ò tíì wọ aṣọ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Awòran ti gẹ́ẹ̀tì pa, kò mọ ohun tó kàn, torí wíwò nìkan ni wọ́n gbà á fún.

Ọkọ̀ máníjà dé ẹ̀yìn wọn, ó fun fèrè, ó tún un fun. Máníjà ò wo iwájú. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù. "Kí ló ń dá wa dúró? Ní kí wọ́n gbé bùláòsì wọn sókè kíá, jàre. Wọ́n ń retí mi níbì kan."

Ẹyin lohùn. Àwọn agbẹ́rù lórí ọkọ̀ ẹrù gbọ́ ọ, akọ̀wé gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Màmá Abẹ́rẹ́ rìn dé ìdí ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ọ̀gá, èmi ni. Níwájú ta ni kí n gbé e sókè? Awòran ni, àbí awakọ̀ yín, àbí ẹ̀yin gan-an? Ẹ yan ọ̀kan, kí n lè mọ ẹni tó máa jẹ́rìí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lé mi."

Máníjà gbé ojú sókè. Ọmọge òkè ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Awòran ló bá sọ ọ́. "Ṣí gẹ́ẹ̀tì." Ẹ má ṣèèṣì rò pé ojú ló tì í. Oúnjẹ tó ń tutù dè é níbi tó ń lọ ló ń rò. Àwọn obìnrin ṣíwájú ọkọ̀ rẹ̀ jáde, wọn ò sì kánjú.

Nígbà tí Màmá Abẹ́rẹ́ délé, ọkọ rẹ̀ ti gbọ́, ó sì ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ fọ́tò. Màmá Abẹ́rẹ́ ò dúró gbọ́ ọ. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó gun àpótí, ó fi gèlè náà bo fọ́tò láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń bò yín lára, bàbá wọn. Ọmọ wa obìnrin ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀. Kò dáa kó bá ìhòòhò ní pálọ̀."

Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí gèlè náà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì jókòó.