Àwọn Ọmọ Ọjọ́ Kìíní

Páà! Oníṣirò la fọ́ọ̀mù kan mọ́ tábìlì ọ̀dọ́mọkùnrin elékọ̀ǹpútà. Kọfí inú ife fò sókè, ó balẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ta ló ní kí wọ́n má gba ẹ̀gbọ́n mi?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni obìnrin yìí ti ń ṣírò ewu nílé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan: ta ló ṣeé ṣe kó tètè kú, ta ni yóò pẹ́, èló ni kí oníkálukú máa san. Àfi bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun ṣe dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n ní kó kàn máa buwọ́ lu ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ní kí wọ́n má gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí àbúrò lè kàwé. Ọmọ-ọmọ méjì tí kò ní ìyá mọ́ ló ń dá tọ́. Bí ó bá kú, kí ni wọn yóò jẹ?

"Kì í ṣe èmi o, mà. Ẹ̀rọ ló rí i pé àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní máa ń tètè kú."

"Ẹ̀ẹ́n! Oṣù kìíní ti di ibà! Ṣé kí aláboyún máa pa ẹsẹ̀ pọ̀ di ọjọ́ kejì ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Gbé orúkọ wọn jáde."

Egbèje èèyàn ó lé méjìlá.

"Ilé ìgbẹ̀bí wo ló gba èrò tó báyìí? Òmùgọ̀ kan ló kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀, ẹ̀rọ yín sì gbà á gbọ́. Ẹ wá òmùgọ̀ náà fún mi. Lónìí olónìí, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ọmọkùnrin náà lọ gbé fáìlì eléruku kan wá. Ó ṣí i, ó wò ó, ó tún pa á dé kíá.

"Mà... bóyá ká fi í sílẹ̀."

"Mú un wá ńbí!"

Bírò búlúù ni wọ́n fi kọ àṣẹ náà: *Ẹni tí kò bá ní ìwé ìbí, ẹ kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Ẹ má fi àkókò ṣòfò.* Ìbuwọ́lù abẹ́ rẹ̀ ní ìrù gígùn tó ká kò bíi ti ajá.

Ìbuwọ́lù tirẹ̀ ni.

Ó jókòó. Ó rántí wọn lẹ́nu wíńdò rẹ̀ nígbà tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èrò: aláàárù, àgbẹ̀, bíríkìlà, àwọn tí wọn ò bí sí ọsibítù, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí dókítà títí wọ́n fi kú. Ẹ̀rọ ò parọ́. Wọ́n ń tètè kú lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìbí ló ń pa wọ́n.

Ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín gan-an?"

Maṣínì ìránṣọ tó ń dún lódìkejì dákẹ́.

"Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ. Ọjọ́ tí bàbá wa ra maṣínì yìí fún Màámi ni. Ó fi ìṣó họ ọjọ́ náà sábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí?"

"Ìwọ lo bá mi kọ fọ́ọ̀mù, akọ̀wé. O ò bi mí."

Maṣínì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Oníṣirò fa ìlà sórí ọjọ́ kìíní yẹn, ó kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá tẹ nọ́ńbà ẹni tó tẹ̀ lé e láàárín àwọn orúkọ náà.

"Ẹ kú ọ̀sán, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n bí yín?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí. "Ọ̀rọ̀ yẹn gùn o, ọmọ mi."

"Mo ní àkókò, sà."