Gbólóhùn Márùn-ún

"Ta ló kọ èyí?"

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fi ìka kan lé ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan. Obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kò nílò láti tẹjú mọ́ ìwé náà kó tó dá a mọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì dà á kọ kó tó mọ́ bó ṣe fẹ́.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ nìkan?"

"Gbogbo wa la jọ rò ó, sà. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Kì í ṣe ohun tó ṣeé bò. Àwọn mọ́kànlá ló ń fọṣọ tí wọ́n sì ń lọṣọ ní ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà, níbi tí oòrùn kì í dé, òun nìkan ló sì ń lọ sí kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Akọ̀wé. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn mìíràn níbẹ̀ kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

"Ka ìlà kẹta fún mi."

Akọ̀wé gbé ìwé náà, ó sì kà á ketekete, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì. "We want confrontation with you."

Wọ́n ti fi báírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ "confrontation". Ọ̀gá gbọ́ èdè wa dáadáa, òun náà ló fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ohun tí a kò bá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé a kò kọ ọ́ rárá ni.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni Ọ̀gá wí. "Òṣìṣẹ́ ti bẹ̀ mí. Òṣìṣẹ́ ti bú mi lẹ́yìn, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó kọ lẹ́tà sí mi pé òun fẹ́ bá mi fìjà pẹẹ́ta."

"Ìjà kẹ̀, sà?"

"Kí ni ká wá pè é?"

Akọ̀wé tún wo ọ̀rọ̀ náà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ní ọ̀wọ̀ ni. Ó gùn, ó kún ẹnu, ó dà bí ohun tí èèyàn lè fi kí ẹni tó ju ẹni lọ. "Ìfojúkojú" ló tẹ̀ sínú fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin lálẹ́ Sátidé, nítorí ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá "confrontation" padà, Akọ̀wé sì fi gbogbo ara gbà á gbọ́.

"Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, kí o mú èsì wá fún mi," ni Ọ̀gá wí. "Ní kíkọ. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, iṣẹ́ rẹ parí níbí nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Akọ̀wé dáhùn. Ó ti rìn dé ìdí àtẹ̀gùn kó tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó dúpẹ́ fún.

Orí ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ìtẹ́bùsùn. Ẹnì kan á máa ki aṣọ bọ̀ ọ́ lápá kan, ẹnì kejì á máa gbà á lápá kejì, ní gbígbóná, ní gbígbẹ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tó yẹ kó dá a dúró bí ọwọ́ bá ti sún mọ́ ibi tó gbóná. Irin náà ti kú láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n kọ ìkejì, "meeting" ni wọ́n tọrọ nínú méjèèjì, pẹ̀lú "please" ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Kò sẹ́ni tó fèsì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń yára fa ìka wọn sẹ́yìn, bí ẹni tí ń fún ajá àjèjì ní egungun.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Àbúrò kò yára tó. Àbúrò ni gbogbo wọn ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí òun ló kéré jù láàárín wọn. Ẹ̀rọ fa aṣọ, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ọn. Akọ̀wé ló ń gba aṣọ lápá kejì lọ́jọ́ náà. Láti ibi tó dúró sí dé ara ògiri tí wọ́n ti ń pa iná ẹ̀rọ, ìṣísẹ̀ márùn-ún ni. Ó sáré débẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, bó bá dijú, ìṣísẹ̀ márùn-ún yẹn ló máa ń kà, wọn kì í sì í tán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà, ó mú ẹ̀dà lẹ́tà dání lọ sí kíláàsì. Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń yá lò. Àwọn àgbàlagbà mẹ́sàn-án ká eékún wọn jọ sórí àga kéékèèké, Tíṣà sì dúró níwájú wọn, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹfun kò tíì kúrò ní èékánná rẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Ta ló fún ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Fóònù ni, sà. Mo ní lójúkojú ni mo fẹ́."

"Fóònù ò lójú, ìyá. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ó yíjú sí pátákó, ó kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà. Ó ní kí olúkúlùkù fi ṣe gbólóhùn márùn-ún, irú èyí tí èèyàn lè sọ nílé tàbí ní ìgboro. Bíríkìlà tó máa ń jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ó ní òun àti ìyàwó òun máa ń ní confrontation láràárọ̀, lẹ́yìn náà àwọn á jẹun.

"Ẹ jọ ń jẹ ẹ́?"

"Nínú àwo kan náà, sà."

"Kì í ṣe òun nìyẹn," ni Tíṣà wí. "Bí ẹ bá ṣì jọ ń jẹun, ariwo lásán lẹ ń pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kan ní òun ní confrontation pẹ̀lú ọlọ́pàá ní oríta.

"Ó kù díẹ̀. Ta ló yẹ̀ fún ẹnì kejì?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

"Ó pé."

Gbogbo kíláàsì tún bú sẹ́rìn-ín, Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Tíṣà rí i. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lédè wa, èèyàn méjì lè kojú síra wọn kí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú kọ́ ni wọ́n fi ń kojú síra, orí ni. Bí àgbò méjì. Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan yẹ̀. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, sà."

"Ọ̀gá rẹ ò purọ́ mọ́ ọ. Ohun tí o kọ ló kà." Ó fa ìwé kan yọ. "Jẹ́ kí n kọ èsì fún ọ. A ó sọ pé àṣìṣe ni, pé o fà á padà. Iṣẹ́ ni iṣẹ́, ìyá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ó kọ ọ́, ó dára, ìlà mẹ́rin péré. Akọ̀wé ká a sínú àpò. Ó ṣe gbólóhùn mẹ́rin nínú ìwé tirẹ̀ kí kíláàsì tó parí: ti ajá àti ológbò, ti onílé àti ayálégbé, ti awakọ̀ méjì lórí afárá, ti bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà. Tíṣà fi àmì ó-dáa sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkarùn-ún kò wá. Ó fi ojú ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí iṣẹ́ parí, ó yà kí Àbúrò. Yàrá kan ni ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó bá a níwájú dígí, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ya irun rẹ̀, wọ́n sì ti fi báńdéèjì di ọ̀tún títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ má wo orí mi o, ọwọ́ òsì yìí ò gbọ́ràn."

"Mú kóòmù wá." Akọ̀wé jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á fún un. Kò mẹ́nu ba Ọ̀gá. Kò mẹ́nu ba lẹ́tà.

"Ta ló wà lórí ẹ̀rọ báyìí?" ni Àbúrò béèrè.

"Obìnrin tuntun kan ni. Àná ló dé. Ọmọ méjì ló bí."

"Ṣé wọ́n ti tún irin yẹn ṣe?"

"Wọn ò tíì tún un ṣe."

"Ẹ ṣáà ti sọ fún un?"

"Mo sọ fún un. Mo fi hàn án pàápàá."

Àbúrò wò ó nínú dígí. Kò bínú. Bí ẹni tí ń rántí ọ̀nà ibì kan ló ṣe sọ ọ́: "Èmi náà, ẹ sọ fún mi."

Ọwọ́ Akọ̀wé dúró nínú irun náà. Ó ya irun náà tán, ó fi sùúrù dì í, ó sì lọ sílé.

Aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ kò tíì lù tán tó fi kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Lẹ́tà tó ní ìlà pupa ṣì wà lórí tábìlì. Àga kan wà níwájú tábìlì náà, àga àlejò, onítìmùtìmù. Láti ọdún mọ́kànlá tí Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ti ìsàlẹ̀ wá tó jókòó lórí rẹ̀ rí. Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ara Ọ̀gá ti balẹ̀ lónìí. "Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ," ló wí. "Mi ò rò pé ìkà ni ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ọ́ lọ́nà, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àṣìṣe ni."

"Ó tán. Fọwọ́ sí i pé àṣìṣe ni, kí a da lẹ́tà náà nù, kí o padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Akọ̀wé fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀, níbi tí ìwé Tíṣà wà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, wọ́n ti gbé e padà lé e lọ́wọ́. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, oúnjẹ ilé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Àmọ́ ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àná.

"Ẹ̀rọ náà ńkọ́, sà?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ la wá sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́tà méjì tó ṣáájú èyí, ṣé ẹ rí wọn?"

Ọ̀gá fi ọwọ́ lé àwọn fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ṣí wọn. "Lẹ́tà púpọ̀ ló ń wọlé síbí."

"Kò sí àṣìṣe nínú àwọn yẹn," ni Akọ̀wé wí. "Tíṣà mi yẹ̀ wọ́n wò kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́. Mítìn la tọrọ, a bẹ̀ yín lókè, a bẹ̀ yín nísàlẹ̀. Ẹ ò pè mí. Èyí tí mo ṣì kọ yìí lẹ fi pè mí."

Akọ̀wé na ọwọ́, ó mú báírò pupa tó wà lórí tábìlì. Ọ̀gá rò pé ó fẹ́ fagi lé ọ̀rọ̀ náà ni, ó sì rọra ti lẹ́tà náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fagi lé e. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, odindi, nítorí pé "àwọn òṣìṣẹ́" nìkan ló ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí o fi ń ṣeré yìí?"

"Nígbà tí mo kọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n ti wá kọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi ṣe gbólóhùn márùn-ún. Ìkarùn-ún ló ń dà mí láàmú, àṣé ó ti wà nínú lẹ́tà yìí."

Ó gbé báírò náà padà síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ó fa àga àlejò sẹ́yìn, ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wo ojú Ọ̀gá.

"Irin iwájú ẹ̀rọ náà ti kú láti oṣù mẹ́fà, sà," ni ó bẹ̀rẹ̀.