Ìlà Kọkànlélógójì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kúrò ní Onitsha, mo sì ṣì máa ń rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní ní àdúgbò Fegge níbẹ̀ lójú inú mi. Nígbà yẹn, a máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi fóọ̀mù ìdánwò ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, tó ń fi í ránṣẹ́.

Tí nǹkan bá kọ̀, lẹ́tà pupa á kún ojú kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á rí i, á pòṣé, á gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ. Nígbà tó sú mi, mo fi ìlà méjì kún kóòdù náà: àṣìṣe yòówù kó dé, kó gbé e mì, kó kọ "Ó ti lọ" ní àwọ̀ ewéko.

Zàhrát, ọmọ Ìdrís tó ń ta ata ní ọjà Ose Okwodu, ń kọ́ kóòdù lọ́dọ̀ mi. Ó rí ìlà méjèèjì.

"Ọ̀gá, tí kò bá wá lọ ńkọ́?"

"Ẹnjiníà, gbájú mọ́ tìẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Biko, ọ̀gá mi, ẹ má bínú."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló fi fóọ̀mù tirẹ̀ ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní àwọ̀ ewéko: Ó ti lọ.

Nígbà tí nọ́ńbà ìdánwò jáde, kò rí tirẹ̀. Kò sunkún. Ó jókòó, ó pa ìlà méjì mi rẹ́, ó tún fi fóọ̀mù náà ránṣẹ́. Lẹ́tà pupa ya bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ló fẹ́ yé èèyàn nínú ìyẹn.

"Ẹ má ka gbogbo ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù, kóòdù àwọn ẹlòmíì ni. Orúkọ fáìlì tiwa ni kẹ́ ẹ wá." Ó nawọ́ sí i. "Òun rèé, ìlà kọkànlélógójì. Ẹ wá ka gbólóhùn tó kẹ́yìn pátápátá, ibẹ̀ ló ti sọ ohun tó ṣe é."

Mo kà á. Àwòrán ojú rẹ̀ tó fi sínú fóọ̀mù tóbi jù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dín in kù, a tún fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wọlé. Wọ́n ti ti ìforúkọsílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó bi mí pé àwọn yòókù ńkọ́, mélòó ni tiwọn ò lọ. Mi ò mọ̀.

A jọ lọ bá bàbá rẹ̀. Ìdrís ń bu ata gbígbẹ sínú àpò. Mo ṣàlàyé, mo ní ẹ̀bi mi ni.

"Ọdún kan ló máa fi dúró nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá Dáhùnsí?"

"Ọdún kan ni."

"Ó dáa." Kò gbójú sókè. "Zàhrát, bá mi di ẹnu àpò yìí mú."

Ó dì í mú. Mo dúró tì wọ́n títí àpò náà fi kún. Zàhrát mú òmíràn, ó ya ẹnu àpò náà fún bàbá rẹ̀.