Ebè Tí Kò Gbọdọ̀ Dára

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé kéde pé inú ọgbà ni gbogbo kíláàsì yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́ ní sáà náà, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti pàtẹ́wọ́ fún un. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn olùkọ́ ti sọ ọ́ ní Alága Ìpàtẹ́wọ́, orúkọ yìí náà sì ni wọ́n fi ń pè é tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn. Ó ní òun lọ síbi ìpàdé ńlá kan, wọ́n sì là á yé àwọn níbẹ̀ pé ọmọ tó bá kẹ́kọ̀ọ́ níta kì í gbàgbé. Ó sọ ètò náà ní Kíláàsì Ìta Gbangba, ó kọ ọ́ sára pátákó gbàgàdà kan, ó sì gbé e kọ́ sẹ́nu géètì kí àwọn tó ń kọjá lọ lè rí i. Àwọn tó wà nínú ọgbà gan-an kò rí nǹkan kan kà, ẹ̀yìn pátákó ló kọjú sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe kó jáde. Olùkọ́ ìṣirò ní kí àwọn ọmọ gbé pátákó ìkọ̀wé kúrò nínú kíláàsì, ó fi ti ara igi, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọjú sí pátákó, kí wọ́n kẹ̀yìn sí ewébẹ̀, kí ewébẹ̀ má bàa gba ọkàn wọn. Olùkọ́ èdè ní tirẹ̀ gbé àga onítìmùtìmù sábẹ́ ibòji, ó ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ọgbà ilé-ìwé wọn, wọn kò sì tíì kọ ìlà mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Olùkọ́ ìlera ya àwòrán ewé ràgàjì kan, ó wá jágbe mọ́ ọmọ kan tó já ewé gidi láti fi wé e. Yàtọ̀ sí oòrùn tó ń pa àwọn ọmọ lórí, kò sí ohun tó yí padà nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n, ó ń yọ ṣùtì ètè. Òun ló kéré jù láàárín àwọn olùkọ́ náà, kò tíì pẹ́ tó dé, wọn kò sì tíì fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ọwọ́ Alága ni ìyẹn wà. Bó bá fọwọ́ sí i ní ìparí sáà, obìnrin náà di òṣìṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò lè ṣe kó má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Kí Alága tó lọ sí ìpàdé kankan ni òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń lọ sínú ọgbà, wọn kì í sì í gbé àga dání. Ọkọ́ ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú korobá àti rúlà.

Ebè mẹ́ta ni wọ́n kọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì gbin tòmátì sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó hù tán, wọ́n ń fún ebè kìíní ní omi àti ajílẹ̀ ìgbẹ́ adìẹ, wọ́n ń fún ebè kejì ní omi nìkan, ebè kẹta kò sì rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kò sí níbì kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé wọ́n á wọn gíga igi tòmátì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jiyàn, wọ́n á tún un wọ̀n. Ebè kìíní ń dán gbinrin. Ebè kejì ń gbìyànjú agbára rẹ̀. Ti ebè kẹta ti rù hangogo, ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti ká kò. Ó burú láti wò, ó sì yẹ kó burú, torí òun ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí ebè kẹta kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí pátákó fún un.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn olùkọ́ yòókù kì í fẹ́ kó nawọ́ rárá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí olùkọ́ fẹ́ràn ọmọ kan lọ, kò sì ṣe bíi pé òun ń fi í pa mọ́.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn alábẹ̀wò dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni Alága rìn yí ọgbà ká lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ó dúró níwájú ebè kẹta, ó sì ránṣẹ́ pe tíṣà. Bí èèyàn bá wà nítòsí, "ẹ" ni Alága fi ń bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí èèyàn nítòsí.

"Kí lèyí?" ó bi í.

"Ẹ̀kọ́ ni, sà."

"Ẹ̀kọ́ wo ló gbẹ báyìí? O ò ráyè bomi rin ín ni?"

"A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, sà. Àwọn ọmọ ní láti rí èyí tó ń kú kí wọ́n tó lè mọ ohun tó mú kí ìyókù yè."

Alága wò ó tìyanu-tìyanu. Ọkùnrin náà kò tíì rí olùkọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí kò dára láti ya fọ́tò rẹ̀.

"Gbọ́," ó ní, "nínú ilé-ìwé tèmi, nǹkan kan kì í kú. Àlejò ò wá wòkú níbí."

Kí agogo ìjáde tó lù, bàbá ọlọ́dẹ ẹnu géètì ti fa gbogbo tòmátì orí ebè kẹta tu. Ó ti gbin òmíràn rọ́pò wọn, tútù yọ̀yọ̀, wọ́n sì ga ju ti ebè kìíní lọ. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta òdòdó àti ohun ọ̀gbìn lẹ́bàá títì ni Alága ti lọ kó wọn wá. Tíṣà rí i láti ojú fèrèsé yàrá àwọn olùkọ́, ó sì gba ọ́fíìsì Alága lọ tààrà.

"Sà, ẹ ti ba iṣẹ́ àwọn ọmọ jẹ́."

"Mo tún un ṣe ni." Alága kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Má sọ ohunkóhun fún wọn títí àlejò á fi lọ. Ìwé rẹ wà lórí tábìlì mi níbí. Mo fẹ́ fi inú dídùn fọwọ́ sí i."

Tíṣà wo ìwé náà. Ó jáde, ó gba ilé lọ.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ń tẹ maṣíìnì lọ́wọ́, aṣọ àwọn oníbàárà kún orí ibùsùn táwọn méjèèjì ń sùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán kó tó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Tòmátì tìẹ ni wọ́n fà tu?"

"Rárá, Àǹtí. Ti àwọn ọmọ ni."

"Ṣé àwọn ọmọ ló máa fọwọ́ sí ìwé rẹ?"

"Àwọn kọ́."

"Ó tán. Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Tó o bá ti di òṣìṣẹ́ pátápátá, kó o wá máa sọ òótọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró."

Ẹ̀rín pa tíṣà, àmọ́ inú bí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ó jẹun, ó fọ abọ́, ó sì gbà pé òun á dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ sáré wọ ọgbà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì dúró gbagidi níwájú ebè kẹta. Wọ́n wo ebè náà, wọ́n wojú ara wọn.

"Tíṣà, ó ti ga," ni ọmọkùnrin kan wí.

"Báwo ló ṣe máa ga?" Agbẹjọ́rò bèèrè. "A ò fún un ní nǹkan kan."

Gbogbo wọn yíjú sí tíṣà. Lójú ọkàn rẹ̀, ó rí ìwé yẹn lórí tábìlì Alága, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí maṣíìnì. Ó wá sọ ohun tó máa ń sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó fi máa ń yangàn pé òun kì í kọ́ ọmọ ní àkọ́sórí.

"Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí," ó ní.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jiyàn lọ́jọ́ náà. Tíṣà dúró lẹ́yìn wọn, ìtìjú sì bò ó. Òun tó ń yọ ṣùtì sí olùkọ́ èdè láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ èdè tó ń hanrun sàn jù ú lọ fíìfíì, ó ṣe tán, oorun lásán ló ń sùn, kò tan ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ.

Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò dé, Alága ti rí "ẹ" rẹ̀ kó jáde: ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, ẹ ṣeun tíṣà, ẹ bá wa sún mọ́ bí, tíṣà. Obìnrin kan tó wọ bàtà gogoro ni olórí àwọn àlejò náà, gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀ ni bàtà rẹ̀ ń rì sínú ilẹ̀ ọgbà, aya-fọ́tò kan sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Wọ́n yẹ pátákó ìṣirò wò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n yẹ àwòrán ewé wò, wọ́n ní ó jọ ewé. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí ògiri, Alága fúnra rẹ̀ ló ti Agbẹjọ́rò síwájú, torí ohùn ọmọ náà máa ń lọ sókè.

"Ọmọ dáadáa," ni obìnrin náà wí, "kí lẹ ti kọ́ nínú ọgbà yín?"

"A kọ́ pé tòmátì tí wọn ò bá bomi rin, tí wọn ò fún ní ajílẹ̀, òun ló ń dàgbà jù. A wọ̀n ọ́n."

Alága ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, gbogbo àwọn alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́, olùkọ́ ìlera tó yẹ kó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ náà pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ṣàwárí rẹ̀ fúnra wọn," ni obìnrin náà wí, ó sì ní kí aya-fọ́tò sún mọ́ tòsí. Kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo àgbà tó ń pàtẹ́wọ́ tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ.

Agbẹjọ́rò kò rẹ́rìn-ín sí fọ́tò. Ó yíjú sí tíṣà.

"Tíṣà, kò yé mi o," ó ní. "Mo ti sọ ọ́, àmọ́ kò yé mi."

Tíṣà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, bó bá rò ó ni, ì bá dákẹ́.

"Hú ọ̀kan," ó ní. "Jẹ́ ká wo gbòǹgbò rẹ̀."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò ṣì ń lọ síbòmíràn," ni Alága wí.

"Hú u," ni tíṣà tún wí.

Ọmọ náà fọwọ́ tú ilẹ̀, ó di ìdí tòmátì náà mú, ó sì fà á. Ó jáde tòun ti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi tà á, ọ̀rá náà ṣì dì mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ pinpin. Ìkánjú kò jẹ́ kí bàbá ọlọ́dẹ bọ́ ọ kúrò. Agbẹjọ́rò hú òmíràn, ọ̀rá. Ó tún hú òmíràn, ọ̀rá náà ni.

"Wọ́n fa tiwa tu lọ́jọ́ Ẹtì," ni tíṣà wí fún àwọn àlejò. "Wọ́n ra èyí, wọ́n gbìn ín síbẹ̀ kí ẹ má bàa rí èyí tó gbẹ. Ohun tí ọmọ yìí sọ kì í ṣe òótọ́, ẹ sì ti pàtẹ́wọ́ fún un."

Obìnrin náà wo ọ̀rá, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Kò tó nǹkan," ó ní. "Ẹ dá a padà sínú ilẹ̀ ká ya fọ́tò." Wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò náà. Alága sún mọ́ tíṣà, kò wò ó bóyá èèyàn wà nítòsí tàbí kò sí.

"Kó ẹrù rẹ," ó ní. "N ò fẹ́ rí ọ lọ́la."

Lẹ́yìn náà ó sáré tẹ̀ lé àwọn àlejò rẹ̀. Ó ku tíṣà àti àwọn ọmọ nídìí ògiri. Iṣẹ́ ti lọ, tíṣà sì mọ̀ pé asọ̀ ńlá ń dúró de òun nílé. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó tilẹ̀ ń retí kí àwọn ọmọ náà wojú òun kí wọ́n sì rí i pé olùkọ́ tàwọn yàtọ̀. Agbẹjọ́rò wojú rẹ̀ lóòótọ́.

"Tíṣà, lọ́jọ́ Ajé tí à ń wọ̀n ọ́n, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ó wu tíṣà kó parọ́.

"Mo ti mọ̀," ó ní.

"Ẹ sì ní ká kọ ohun tá a bá rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọ náà mi orí. Kò bínú, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó rìn lọ sídìí ebè kìíní tí òun fúnra rẹ̀ gbìn, tó ń bomi rin láràárọ̀, ó lóṣòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti wò bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀.