Akọ Pẹ́pẹ́yẹ Lẹ́yìn Wáyà

Ọkùnrin tó ta akọ pẹ́pẹ́yẹ náà fún aránṣọ ti kìlọ̀ fún un pé kó má dà á pọ̀ mọ́ àwọn abo tó ti ní nílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ta wáyà sáàárín wọn, kí ojú wọn kọ́kọ́ mọ ojú,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé, ara rẹ̀ ń gbóná. Má sì jẹ́ kó kọ́kọ́ bá wọn nínú omi.”

Aránṣọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀, tó wá ń bá wọn gbé látìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, kò rí ọgbọ́n kankan nínú wáyà. Àràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́yìnkùlé, tó ń wo akọ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, tó ń mí hẹlẹ.

“O mú ọkọ wálé fún wọn, o tún tì í mọ́lé,” ni Màmá wí.

“Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i, Mà.”

“Sùúrù. Ẹyẹ ni, kì í ṣe àna.”

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Látọjọ́ tó ti wọ ilé náà, kò já Màmá ní koro rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rán aṣọ oníbàárà lórí ẹ̀rọ nígbà tó gbọ́ tí omi ń ró gbàmù-gbàmù. Ó yọjú lójú fèrèsé. Wáyà ti ṣí. Akọ náà wà nínú báàfù àtijọ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ó ti gun Kékeré, abo tó kéré jù, ó fẹnu há a lọ́rùn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ rì. Orí Kékeré yọ, ó tún wọlẹ̀. Màmá dúró létí báàfù, ó káwọ́ mọ́ àyà.

Aránṣọ sáré ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò ṣí. Màmá ti fi ìkọ́ há a láti ìta kí àwọn ẹyẹ má bàa wọlé wá yàgbẹ́ sórí aṣọ. Irin sì wà lójú fèrèsé.

“Mà, ẹ gbé e kúrò lórí rẹ̀,” ló ké láti ojú fèrèsé.

“Èmi ò di pẹ́pẹ́yẹ mú rí,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bíi tọmọdé. “Ṣé kò ní ṣá mi jẹ?”

Orí Kékeré kò yọ mọ́.

“Di ọrùn akọ yẹn mú,” ni aránṣọ wí. “Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fà á.”

Màmá kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́. Akọ náà fi apá gbá a lójú. Màmá kò tú u sílẹ̀. Ó fà á títí ìyẹ́ fi kún ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sórí koríko, ó wá gbé Kékeré jáde. Ọrùn ẹyẹ náà rọ jọwọrọ.

“Dorí ẹ̀ kodò.”

Ó dorí rẹ̀ kodò. Omi ń kán lẹ́nu ẹyẹ náà, kò sí nǹkan mìíràn. Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ kan ta. Kékeré sín, ó sì lajú.

Nígbà tí Màmá wá ṣí ilẹ̀kùn, aṣọ rẹ̀ ti rin gbìndìn, ẹ̀jẹ̀ sì wà lápá rẹ̀. Aránṣọ gba ẹyẹ, kò lè wo Màmá lójú.

“Ẹ má bínú, Mà. Mo bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi.”

Màmá fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀. “Tó o bá dúró ṣàpọ́nlé mi, òkú ẹyẹ lò bá gbé dání yẹn. Èmi ni mo ṣí wáyà.” Ó nu apá rẹ̀. “Àmọ́ má sọ ọ́ di àṣà.”

Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò dá a lójú pé ó yẹ kó rín in.

Wọ́n dá akọ náà padà sẹ́yìn wáyà títí ara rẹ̀ fi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i fún un, wọ́n ti da omi báàfù nù, wọ́n sì ti gbé Kékeré wọlé. Akọ náà lọ tààrà bá abo tó tóbi jù. Abo náà yíjú padà, ó ṣá a, ó tún un ṣá, títí akọ náà fi fà sẹ́yìn.

“Ṣé ká tì í padà ni?” ni Màmá béèrè.

“Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Mà.”

Wọ́n jọ dúró, wọ́n ń wò ó. Akọ náà tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko jẹ létí ọgbà, kò sún mọ́ àwọn abo, kò sì jìnnà sí wọn.